Mo Fi Abẹ́rẹ́ Ṣòfófó Sára Obìnrin Tó Fọkàn Tán Mi

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, ẹ ó wá rí i pé èébú tí ẹ ní lọ́wọ́ kò tó.

Orúkọ mi ni Aldona. Òun nìkan ni orúkọ tí mi ò yí padà nínú ìtàn yìí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Yí tèmi, yí ti ọkọ mi, yí ti àwọn tó kù. Tìrẹ, fi sílẹ̀ gbangba, kí wọ́n rí ọ."

Ó dáa, ẹ wò mí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fín orí ọmú fún àwọn obìnrin tí dókítà ti gé ọmú wọn nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Dókítà á ti mọ ọmú mìíràn fún wọn, ṣùgbọ́n ọmú ọ̀hún á kàn rí roboto, kò ní lójú. Èmi ni mo ń fi abẹ́rẹ́ àti àwọ̀ ya ojú sí i. Mà á po àwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀, mà á fi òjìji díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá wò ó, ẹ ó búra pé ó yọ síta. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mọ iṣẹ́ náà.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan ni wọ́n gé, iṣẹ́ mi rọrùn nìyẹn: mà á wo èyí tó kù, mà á ya ìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé méjèèjì, kí ni mo fẹ́ wò? Mo ní láti béèrè bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí àwọn obìnrin tí kò mọ̀ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á ní, "Ha, Aldona, béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Òun ló ń wò ó, èmi ń dáná."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkọ wá nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí nǹkan! Ọ̀kan wọlé tòun ti bisikíìtì nínú bébà, ó ní, "Àwọ̀ rẹ̀ nìyí gẹ́lẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́ o." Òmíràn sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lè sọ ohun kan.

Ní ìlú wa, àwọn obìnrin tó ti la àrùn yìí kọjá ní ẹgbẹ́. Amazonki ni wọ́n ń pe ara wọn, orúkọ àwọn obìnrin jagunjagun ayé àtijọ́ tí wọ́n ní ọmú kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Irmina ni alága wọn, obìnrin gíga kan tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ṣì ń wo èèyàn bí ẹni pé sítáǹbù èèyàn ọ̀hún kò pé.

Irmina ló fa wàhálà yìí. Rárá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Èmi ni. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ mí níka.

Ọjọ́ àyájọ́ ẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n pè mí, wọ́n gé kéèkì fún mi, alága dìde tòun ti ife lọ́wọ́. Ó ní, "Ọwọ́ Aldona, ọwọ́ wúrà ni." Inú mi dùn ṣìnkìn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀, asẹ́ ni. Ẹni tó bá ní àṣírí, kó bọ́ra, kó má sọ̀rọ̀."

Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún kò dé ikùn mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni. Mo fẹ́ràn òfófó bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Àwọn obìnrin tí ń dùbúlẹ̀ síwájú mi máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì máa yún mi lẹ́nu.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Wiesia wá. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, aránṣọ ni, aṣọ fèrèsé ló ń rán, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gé méjèèjì fún un. Ó ti fi ọdún méjì kọ ẹ̀yìn sí dígí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Ojú tì í. Ó ní, "Mi ò rántí dáadáa. Jẹ́ kí Lucjan wá. Mo tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ó rántí."

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí èmi gbọ́ ọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Obìnrin yìí kò wá orí ọmú nìkan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ wò ó rí.

Lucjan dé lọ́jọ́ kejì, fìlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sí ògiri.

"Bàbá, ẹ jókòó. Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì díẹ̀ sí."

"Ó tóbi tó kí ni?"

Ó yọ owó ẹyọ kan látinú àpò, ó fi hàn mí. "Ó ju èyí lọ díẹ̀. Díẹ̀ báyìí." Ó ń mọ ọ́n sọ, ara rẹ̀ ń balẹ̀, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ẹ má gbàgbé àmì dúdú yẹn o."

"Àmì wo?"

"Lápá òsì, nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré lẹ́yìn rẹ̀, bí ìyá adìyẹ àti ọmọ rẹ̀ kan."

Pẹ́ńsùlù mi dúró sójú kan.

Mo mọ ìyá adìyẹ yẹn. Mo mọ ọmọ rẹ̀. Mo ti fi wákàtí méjì wò wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń wo ọmú òsì tó kù sí obìnrin kan láyà kí n lè ya èyí tó bá a mu sápá ọ̀tún. Ọmú alága ni. Ọmú Irmina.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

Ó fi ọwọ́ lu orúnkún. "Ó dá mi lójú ṣáká! Ṣé èèyàn lè gbàgbé irú rẹ̀ ni?"

Yéè! Mo yára wọ yàrá ẹ̀yìn, mo ní mo fẹ́ lọ mú bébà. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ di ẹnu mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Irmina! Irmina tó ń tò wá sórí ìlà! Irmina elésítáǹbù!

Mo búra fún yín, bàbá yẹn kò mọ ohun tó sọ. Ọdún ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ọmú méjì ti dà pọ̀ mọ́ra lórí rẹ̀, ó sì gbà pé ti ìyàwó òun lòún ń ròyìn.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n. Kí n fi àmì náà sílẹ̀. Bí Lucjan bá béèrè, kí n ní àwọ̀ kò mú níbẹ̀. Ó parí. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Mo sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ohun tí mo bá rí nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá ara mi jà. Bí mo bá fẹ́ sùn, adìyẹ. Bí mo bá ń bẹ ànàmọ́, adìyẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ kan wọ orí mi, mo sì rò pé ọgbọ́n ni: ẹnu mi ni mo bá ṣàdéhùn. Ta ló bá ọwọ́ mi ṣe é?

Wiesia dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ti kú lára rẹ̀ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, kò gbọ́ ìrora kankan, ó kàn ń sọ ìtàn ajá aládùúgbò rẹ̀ tó jí sọ́séèjì gbé. Mo ń dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Àwọ̀ tíì, òjìji, ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí, mo ti abẹ́rẹ́ bọ àwọ̀ dúdú. Ìyá. Lẹ́yìn náà, ọmọ.

Mo gbé dígí fún un.

Ó wá gbé apá sókè, ó tẹ orí wálẹ̀. "Aldona, kí ni dúdú yìí?"

Mo ti múra irọ́ mi sílẹ̀. "Ọkọ yín ló ní ó wà níbẹ̀. Abẹ́ ọmú ló wà, ẹ ò lè rí i fúnra yín láyé."

"Lucjan ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni. Ó ní èèyàn kò lè gbàgbé irú rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí mo fi ṣe é gan-an, ó fẹnu kò ó. "Ohun tí mi ò mọ̀ nípa ara mi, ó mọ̀ ọ́n! Mo ti rò pé ọkùnrin yìí kò wò mí rí!"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Mo lọ wẹ àwọn abọ́ àwọ̀ mi.

Láti ọjọ́ náà, Wiesia jẹ́jẹ́ di ẹlẹ́nu. Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irun, nínú ìpàdé ẹgbẹ́: "Ẹ gbọ́ ohun tí Lucjan mi ṣe! Ìyá adìyẹ àti ọmọ rẹ̀! Abẹ́ ọmú mi níhìn-ín!" Àwọn obìnrin ń kígbe, wọ́n ń bú àwọn ọkọ tiwọn. Ọ̀kan ní, "Tèmi ò mọ̀ bóyá mo ní etí."

Irmina wà níbẹ̀. Ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ funfun bíi wàràkàṣì, mo rí i tó wò mí, mo sì fi ojú aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ wo òun náà. Inú mi ń dùn, mi ò ní tàn yín. Bó ṣe di pé alága kò tò mí sórí ìlà mọ́ nìyẹn. Bí mo bá wọlé, á yí ojú sí fèrèsé.

Lẹ́ẹ̀kan ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Aldona, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Alága, mi ò la ẹnu mi o."

Ẹgbẹ́ wọn ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, nínú oṣù karùn-ún, wọ́n máa ń lọ sí Ciechocinek, ìlú omi iyọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ara wọn lè balẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n á wẹ̀ nínú omi iyọ̀ gbígbóná, lọ́sàn-án wọ́n á jó. Ijó ọ̀sán ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí: àwọn àgbà tó fi ọ̀pá wọlé á gbàgbé ọ̀pá sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, àwọn tó ti fín á bọ́ra, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tiwọn lè wò ó, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Irmina ló dá àṣà náà sílẹ̀. Òun ló máa ń ṣíwájú, tí á dúró bí ológun, tí á ní, "Ọ̀kan ni Ọlọ́run dá, ọ̀kan ni Aldona dá. Èwo ni èwo?" Wọn kì í mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Mo lọ. Ṣùgbọ́n ìran ni mo lọ wò.

Wiesia ti bọ́ra kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn tán. Irmina wà ní igun, kóòtù ìwẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn. Ó ní òtútù mú òun, kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Mo ní, "Áà, alága, nínú ooru yìí?"

Obìnrin tuntun kan wà láàárín wọn, Kinga lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó fi aṣọ ìnura di àyà, ó ń sunkún. Wọ́n ti gé ọ̀kan lára tirẹ̀. Ó ń sọ pé, "Mi ò ní ṣe é. Á dà bí ti ọmọláńgidi. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀."

Irmina wò ó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wá wo Wiesia. Mo rí gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, bó ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Lẹ́yìn náà ló tú okùn kóòtù.

Obìnrin tí mo fẹ́ dójú tì bọ́ra nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu mi.

Irmina ní, "Wò mí, Kinga. Ọ̀kan ni Ọlọ́run dá, ọ̀kan ni Aldona dá."

Kinga nu ojú, ó sún mọ́ ọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mi ò mọ̀! Lóòótọ́, mi ò mọ̀!" Lójijì ó tẹ̀ ba. "Ẹ wò ó! Màmá Wiesia, ẹ wá wo tiyín! Ìyá adìyẹ àti ọmọ rẹ̀! Ọ̀kan náà ni!" Ó yíjú sí mi, ó ń tàn yẹ́ẹ́. "Áńtí, àmì iṣẹ́ yín ni, àbí? Bí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe ń lu àmì sínú òrùka?"

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo gbá a mú. "Bẹ́ẹ̀ ni! Àmì iṣẹ́ mi ni. Gbogbo iṣẹ́ tí mo bá fẹ́ràn..."

Wiesia gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́.

"Irmina," ó ní, "èwo ni Ọlọ́run dá?"

Omi ń kán láti ara aṣọ ìwẹ̀ tí wọ́n fi kọ́.

Irmina fi ọwọ́ kan òsì. Ó ní, "Èyí."

Wiesia mi orí. Kò wò ó mọ́. Èmi ló wò. "Aldona, ọmú ta lo kọ́kọ́ rí? Tirẹ̀ àbí tèmi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n..."

"Tirẹ̀ àbí tèmi?"

"Tirẹ̀."

"Kí Lucjan tó wá bá ọ?"

"Kó tó wá."

"O wá mọ̀. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ síwájú rẹ, tí mo ń sọ̀rọ̀ ajá, o mọ̀."

Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá bẹ́ sí i. Irmina ti ń sunkún, ó ní, "Wiesia, ó ti pẹ́, mo bẹ̀ ọ́..."

"Dákẹ́, Irmina. Láti ọdún tí odò ya wọ ìlú ni mo ti mọ̀. Ṣé o rò pé afọ́jú ni mí ni? Nígbà tí oògùn ń mú mi bì, ta ló di abọ́ mú fún mi? Ìwọ ni. Tìẹ ti tán lọ́kàn mi." Ó na ọwọ́ mú aṣọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti pariwo káàkiri. Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, mo ní ọkọ mi rántí mi."

Kò sí obìnrin kan nínú yàrá yẹn tó wò mí. Kinga nìkan ló ń wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń béèrè pé kí lòún sọ.

Wiesia wọṣọ, ó jáde. Lucjan, tó tẹ̀lé e wá fún ijó ọ̀sán, wà ní gbọ̀ngàn ijó, ó gbé tíì méjì dání, ìborùn ìyàwó rẹ̀ lé e léjìká.

"Lucjan, aago mélòó ni ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sílé?"

"Aago mẹ́rin. Kí ló dé?"

"Má jẹ́ kó fi ọ́ sílẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Bi ìyá adìyẹ."

Bàbá yẹn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Irmina wá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, bàbá náà sì rí i. Tíì dà sí i ní bàtà. Wiesia gba ìborùn rẹ̀ léjìká ọkọ, ó lọ bá bàbá opó kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú rí, ó jó ijó mẹ́ta gbáko pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo dúró lẹ́yìn òpó, mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Mo dìde níwájú ogójì obìnrin, mo fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé wọ́n á lé mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà nítòsí. Nítorí náà, wọ́n ṣòfin. Obìnrin tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi á kọ́kọ́ fi bírò ya ohun tó fẹ́ sára rẹ̀ níwájú dígí, á fọwọ́ sí i. Obìnrin kejì á sì jókòó nínú yàrá, á máa ṣọ́ ọwọ́ mi.

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n yàn? Irmina ni. Ó ń jókòó tì mí títí di òní, awò lójú, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ mi bá lọ sí ibi tí bírò kò dé, á wúkọ́.

Lucjan ń sùn nínú yàrá tí wọ́n ń sá àlùbọ́sà sí.

Àmì náà, a bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ara. Kì í lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mẹ́ta ni Wiesia dùbúlẹ̀ síwájú mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ láàárín, kò bá mi sọ nǹkankan ju "Ẹ káàárọ̀" lọ. Èmi àbúrò rẹ̀, ó ń kí mi ní "ẹ". Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé dígí fún un. Ó gbé apá sókè, ó wò ó pẹ́. Kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dárí ji ẹ̀gbọ́n Irmina. Bàbá náà ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi ńkọ́?"

Irmina dáwọ́ híhun dúró.

Wiesia ní, "Àwọ̀ tí Lucjan sọ fún ọ, tèmi ni. Bó ṣe tóbi tó, tèmi ni. Mo ti lọ wá fọ́tò ìgbà èwe mi tí mi ò ti wọṣọ jáde, mo sì ti wò ó. Ohun gbogbo ló rántí, àmì kan ṣoṣo ló ṣì mú. Arúgbó ni, orí rẹ̀ ti dàrú. Irmina yìí, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ló mú un nígbà náà." Ó ń de bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ, Aldona, kí ló mú ọ?"

Mo wá irọ́ kan tó dáa, mi ò rí. Mo ní, "Ẹ̀rín ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó wọ kóòtù rẹ̀. Ó ní, "Kọ ìyẹn náà sínú ìtàn yẹn."

Mo ti kọ ọ́.